Òkun Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀

Ẹ má dárúkọ òkun nílé Tàjùdéèn ní Peckham nílùú London o. Òkun Èkó ló gbé Kàbírù àbúrò rẹ̀ lọ nígbà èwe wọn, lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Yídì tán láyé ìgbà yẹn, etíkun ni gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò ń gbà lọ. Tàjùdéèn gbà pé kádàrá ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Wàyí o, mọ́sáláṣí fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí etíkun Brighton lọ́jọ́ ọdún. Yusrah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ bá wọn lọ. Bàbá ní láéláé. Ọmọ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ni Nusaybah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dá sí i, ẹni tó ń kọ́ ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì. Tiẹ̀ tún le, ó rò pé kò sí ẹ̀rù tí àlàyé ò lè lé lọ.

"Daddy, òkun kì í dédé bínú. Àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ayé àtijọ́ ti wádìí ẹ̀. Àwọn kan ní òṣùpá ló ń mú omi gbóná, tó fi ń wú bí ìrẹsì orí iná. Ará Ítálì kan tún ní ayé tó ń yí ló ń mì ín bí omi inú báàfù. Wọn ò mọ ìdí ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ìgbà tó máa ń le."

Tàjùdéèn gbé ife tíì sílẹ̀. "Ìgbà wo ni?"

"Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá kún. Oòrùn àti òṣùpá á jọ máa fa omi. Á kún gan-an, á sì fà sẹ́yìn tagbáratagbára. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, á rọlẹ̀."

Nusaybah sọ ọ́ tán kó tó rántí ọjọ́ tí òkun gbé Kàbírù lọ. Oṣù tó bá lé la fi ń túnu.

"A rí oṣù lálẹ́, a lọ sínú omi lọ́jọ́ kejì," ni bàbá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́. "Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

"Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, Daddy."

"Kàbírù ní ká jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé èrò á ti pọ̀ jù lọ́jọ́ ọdún. Mo pè é ní ojo. Mo fà á lọ́wọ́ lọ."

Ó dìde. "Yusrah, bá wọn sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí kí wọ́n sún un síwájú lọ́sẹ̀ kan. Wàá lọ."

Yusrah dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Nusaybah ò gbọ́ ọ. Bàbá wọn ti wọ yàrá, ó ń bẹ Kàbírù pé kó má bínú.