Ẹ̀ka Ẹlẹ́nìkan

Ẹsẹ̀ ni Ìyá Ìgbìmọ̀ fi wá ilé iṣẹ́ náà kàn. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òwò ní yunifásítì wọn, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti wá ilé iṣẹ́ gidi kan, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀ràn rẹ̀ ti mẹ́hẹ, kí wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn. Àwọn mìíràn ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó lè fi ìpè kan ṣoṣo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Òun kò ní. Ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń ní kí ó padà wá lọ́la, ọ̀la ń di ọ̀tunla, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àga onífóòmù. Ó jókòó sórí àga tí a kò tíì bò tán, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún ọ̀gá ibẹ̀, títí ọkùnrin náà fi yọ awò ojú rẹ̀, tí ó sì ní, “Ó dáa, ẹ máa bọ̀. Ẹ ṣáà má dí àwọn èèyàn mi lọ́wọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn mẹ́ta yòókù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Ìyá Ìgbìmọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀ orúkọ náà wù ú.

Ìṣòro ilé iṣẹ́ náà hàn gbangba: àga kì í jáde lásìkò. Ìdí rẹ̀ ni kò sẹ́ni tí ó fẹ́ sọ. Àwọn káfíńtà ní iná mànàmáná ni. Àwọn tí ń kun igi ní ojú ọjọ́ ni. Ìyá Aránbòrí nìkan ni ó mí kanlẹ̀. Òun ni obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, ẹ̀bá fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, gbogbo ìbòrí àga tí ó ń jáde níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti ń wá.

“Ọmọ mi, tí mo bá sọ ọ́, ṣé kò ní dé ibòmíì?”

“Kò ní dé ibì kankan, mà. A kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí fún yín.”

Ìyá náà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbúrò ọ̀gá ni. Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ wà. Ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Bí kò bá dé, gbogbo wa á jókòó máa wo ara wa bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ya fọ́tò.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wọn ti kì wọ́n nílọ̀ pé orúkọ òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọnú àbọ̀ ìwádìí. Ẹ̀ka tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n kọ. Bí àwọn káfíńtà ṣe di Ẹ̀ka Iṣẹ́ Igi nìyẹn, tí Ìyá Aránbòrí, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ àti àlùmọ́gàjí rẹ̀, sì di Ẹ̀ka Ìránbòrí. Kò sí ẹni tí ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Aláràbarà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa kun ojú ìwé ní oríṣiríṣi àwọ̀, tilẹ̀ fi ìlà aláwọ̀ búlúù yí ọ̀rọ̀ ìyá náà ká kí ó lè yọ dáadáa.

Ó sì yọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àbọ̀ wọn kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ọ̀gá àti àbúrò rẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú. Àbúrò ọ̀gá ka ohun tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: “‘Òṣìṣẹ́ kan ní Ẹ̀ka Ìránbòrí sọ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń dá iṣẹ́ dúró.’ Òṣìṣẹ́ kan. Nínú mélòó?”

Ìyá Ìgbìmọ̀ sáré ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ọ̀gá wúkọ́. Olùkọ́ wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn ni máàkì wọn ga jù.

Nígbà tí Ìyá Ìgbìmọ̀ padà lọ sí ilé iṣẹ́ náà, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì mọ bí a ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni ó wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ilé ni Ìyá Aránbòrí wà, ó ń ṣa àjákù fóòmù sínú àpò.

“A ò kọ orúkọ yín, mà,” ni gbogbo ohun tí ó rí sọ.

“Ẹ ò kọ ọ́ lóòótọ́.” Ìyá náà kò gbójú sókè. “Ta ló tún ń rán ìbòrí níbí?”

Ìyá Ìgbìmọ̀ wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ọkùnrin náà yẹ́ ẹ sí, ó fún un ní àga. “Ẹ ní ká tún iṣẹ́ wa ṣe. A ti bẹ̀rẹ̀.”

“Sà, yàrá aṣọ la ní kí ẹ tún ṣe.”

“Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ṣé wọ́n ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ ìyá ẹni níbẹ̀ yẹn ni?”

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ní iṣẹ́ ti parí, ohun tí oníbàárà bá fi ìmọ̀ràn ṣe kù sọ́wọ́ rẹ̀. Aláràbarà tilẹ̀ ń bínú. “Ìyá Ìgbìmọ̀, ìwọ lo gbé e lọ sídìí fóòmù ni? Sinmi, jàre. A ò ṣáà kọ orúkọ ẹ̀.”

Gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún ìyá náà gan-an ni. Lẹ́nu ẹlòmíràn, ó dún bí àwáwí.

Ẹnu Ìyá Ìgbìmọ̀ ni ìlérí náà ti jáde, kì í ṣe ẹnu ẹgbẹ́. Ó jẹ Ìyá Aránbòrí ní ẹ̀bẹ̀, lójúkojú. Ó sì jẹ ẹ́ pé kí ó dúró níwájú ọ̀gá àti àbúrò rẹ̀, kí ó sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó tú àṣírí obìnrin náà, kí ó sì máa padà síbẹ̀ títí wọn yóò fi dá ìyá náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.