Ẹsẹ̀ Tí Sàfíátù Fà Sẹ́yìn

Àwọn ará Íńdíà kan ní Àpápá GRA tan àtùpà sórí ògiri ilé wọn láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ọdún Dìwálì tún ti dé. Nọ́ọ̀sì Sàfíátù, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, rí iná náà, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ilé ìyá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

Lọ́dún tó kọjá, òun náà tan irú àtùpà bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀tẹ̀ bá jà. Ibẹ̀ ló ti mọ Màmá Kamala, ìyá arúgbó tí àrùn náà ti jẹ ní ìka. Ara ìyá yìí ti yá tipẹ́, síbẹ̀ àwọn ará abúlé rẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Àràárọ̀ ló ń wá kí Sàfíátù bá òun wẹ egbò ẹsẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ ẹ̀rín ò tán lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ Dìwálì, wọ́n fi ìyẹ̀fun aláràbarà ya òdòdó sílẹ̀, wọ́n pín àdídùn, wọ́n sì bá Sàfíátù wé aṣọ sárì mọ́ra. Ni Màmá Kamala bá wá síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣe wọ́n lóore nìyẹn. Ṣùgbọ́n Sàfíátù tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní ìkúnlẹ̀, kí àgbàlagbà wá bẹ̀rẹ̀ fún un? Ó figbe ta, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò.

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó sì jáde. Kò padà wá mọ́ títí Sàfíátù fi wá sílé. Ẹ̀kọ́ ilé dára o, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìwà ìkà ló jọ.

"Wetin do you?" ni ìyá rẹ̀ bi í bó ṣe wọlé. "Ọ̀rọ̀ ìyá Íńdíà yẹn náà ni? Ṣebí o ṣe dáadáa! Ta ló ń jẹ́ kí àgbà bẹ̀rẹ̀ fún òun? Abeg, wá jẹun."

"Kò yé yín ni, Màmi. Wọ́n rò pé mo kórìíra ọwọ́ àwọn."

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Rekha ni, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Sàfíátù ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá ìyá náà lọ sí abúlé, kó bá òun ṣàlàyé.

"Mo rí wọn," ni Rekha wí. "Mo sọ fún wọn pé nílùú yín, ọmọdé ló ń kúnlẹ̀ fún àgbà, pé ìyẹn lo ṣe sá."

"Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni ẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún ẹ." Rekha rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n wá ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àwọn dáadáa lọ́jọ́ náà, kí àwọn tó wá síwájú ẹ."