Àmì Kẹta Lórí Omi Kerkennah

Ẹni tó bá rí Laroussi nínú ọkọ̀ ojú omi náà á rò pé wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa á ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ó pa ẹnu dé bí ẹni tó há ẹyin sẹ́nu. Omi ń bà á lẹ́rù, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù.

Àwọn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Ítálì láti ìlú Sfax, tí wọ́n wá ṣeré lórí omi erékùṣù Kerkennah. Màdáámù Nejiba, tó ta sítáǹpù fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ni olórí wọn. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò ní èbúté, èdè Ítálì nìkan ni, títí ẹsẹ̀ á fi padà tẹ èbúté. Ẹni tó bá sọ èdè Lárúbáwá gba àmì kan nínú ìwé. Ẹni tó bá gba mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé tí ẹgbẹ́ máa fi gba físà láti lọ sí Palermo ní Ítálì.

Oòrùn ò tíì mókè tí Laroussi ti gba méjì. Àkọ́kọ́, ó sọ pé "bìsìmílà" bó ṣe ń wọkọ̀. Èkejì, ó bẹ̀bẹ̀ nítorí àkọ́kọ́.

Irun àgùntàn ló ń kì sínú tìmùtìmù jẹun. Ìwé kẹrin ló ti sá nílé ìwé. Ṣùgbọ́n Rafika ọmọ rẹ̀ wà ní Palermo, ó sì ti bí Ilyas, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò gbọ́ ju èdè Ítálì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Laroussi ti dá wá físà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà bí ọjà tí kò tà. Lórí fóònù, ọmọ náà á bi í léèrè ọ̀rọ̀, òun á sì máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ bóyá orí bàbá àgbà pé. Ìyẹn yé e.

Ní ọ̀sán, Mongi ọlọ́kọ̀ ju ìdákọ̀ró sómi, ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré láti lọ wo àwọn ìkòkò tó fi ń mú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ó nàka sí ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn sínú omi láti fi dẹ ẹja.

"Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan fara kan ọgbà Hajja Mbarka yẹn o. Ogún bàbá ẹ̀ ni. Obìnrin yẹn lè fẹnu bó èèyàn láwọ."

Bó ti lọ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kálukú ní láti ròyìn ohun tó jẹ láàárọ̀. Tijani oníṣègùn eyín ti ń ròyìn ẹyin sísè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Laroussi ò gbọ́. Ọgbà yẹn ló ń wò. Àárín ọkọ̀ àti ọgbà gba ilé mẹ́wàá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí kò gba mẹ́ta. Ìdákọ̀ró ti tú.

Ó nawọ́ sókè. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú irun àgùntàn.

"Màdáámù. Ọkọ̀... ń rìn."

"Ó dáa gan-an, Laroussi. Kí ni ìwọ jẹ láàárọ̀?"

"Ọkọ̀ ń rìn. Ilé ẹja... ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n Laroussi ti di akéwì," ni Tijani wí. "Ilé ẹja ń bọ̀ wá kí wa. Ẹ gbé tíì kaná."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín ní èdè Ítálì.

Òógùn bo Laroussi. Bó bá fi èdè tó fi mu ọmú sọ ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo wọn á dìde. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa gbé Palermo lọ. Ó wo ìwé, ó wo bírò tí màdáámù fi sétí. Ó wá dìde, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màdáámù Nejiba mú, ó sì yí orí rẹ̀ síhà ọgbà bí ẹni ń yí ìdérí ìgò.

Èyí tó jáde lẹ́nu màdáámù kì í ṣe Ítálì. "Yéè, ìyá mi, a ti kú. Mongi, ọmọ aláìníláárí, níbo lo wà?"

Ni gbogbo wọn bá bú sí èdè Lárúbáwá. Tijani ké pe Ọlọ́run, ó ké pe ìyá rẹ̀, ó bú ìyá Mongi láàárín méjèèjì. Ọkọ̀ ya wọ inú imọ̀ ọ̀pẹ, ó dúró gbáà. Tijani bẹ́ sómi kó má bàa kú sínú ọkọ̀. Omi dé orúnkún rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé àpò lérí, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Hajja Mbarka ká aṣọ sókè, ó fẹsẹ̀ rìn láti etí omi wá bá wọn.

"Ẹ̀yin ará Sfax, ṣé omi balùwẹ̀ yín ti gbẹ ni?"

Ó ní kò sẹ́ni tó máa lọ àfi bí wọ́n bá tún ọgbà náà gbìn. Ọwọ́ Laroussi ló yá jù. Kíkì ni iṣẹ́ rẹ̀. Hajja béèrè orúkọ rẹ̀. Laroussi, tí kò tíì tẹ èbúté, kàn rẹ́rìn-ín sí i.

"Odi ni," ni Hajja wí, "àmọ́ ó sàn ju ẹ̀yin alásọjù lọ."

Nígbà tí Mongi dé, tó sì wa ọkọ̀ padà sí èbúté, Màdáámù Nejiba jókòó sínú ọkọ̀, ó ṣí ìwé. Ó kọ ti Tijani kún ojú ewé kan. Ó kọ àmì tara rẹ̀ títí bírò fi gbẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni tirẹ̀ kò pé mẹ́ta.

"Màdáámù," ni Tijani wí, "ṣé ẹnì kan ló máa ń jẹ́ ẹgbẹ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí Laroussi. Ó gun òkè èbúté, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ òkúta mọ́lẹ̀ dáadáa, ó wo ìsàlẹ̀ kó lè dá a lójú.

"Bìsìmílà," ó ní. "Ẹ kọ orúkọ gbogbo wa, màdáámù. Bí mo bá dá lọ, ta ló máa ròyìn ẹyin sísè fún ọmọ ọmọ mi?"