Àwọn Tó Ń Di Ojú Ọgbẹ́ Nínú Ọmú Ìbídùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín, nítorí àyà mi ò tíì rọlẹ̀.

Kókó kan wà lọ́mú àbúrò mi, Ìbídùn. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé kò tíì rìn kúrò lójú kan, kí a tètè wá kí wọ́n yọ ọ́. Ìbídùn ní ó di ẹ̀yìn ìkórè ẹ̀gúsí. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo sùn lé.

Lójú àlá, mo gba ihò bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀ wọ inú ọmú náà. Mo bọ́ bàtà mi kí n má baà dọ̀tí ibẹ̀. Mo bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí nọ́ọ̀sì ọsibítù ní wọ́n máa ń hun fọ́nrán di ojú ọgbẹ́. Wọ́n dé fìlà, wọ́n ń ta okùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọgbẹ́ náà dà?"

Ọ̀gá wọn ní, "Ìyá, a gbọ́ tí ẹnìkan kígbe ọgbẹ́. Àwa kì í bèèrè ẹni tó kígbe. Iṣẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀."

Kókó náà ló jókòó sórí àga lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ ń dán, kò bó níbì kankan. Ó tún lọgun, "Ọgbẹ́ o! Ẹ gbà mí o!" Wọ́n sáré ta okùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà dé abíyá. Àwọn ọmọ kókó ti ń tò lórí okùn náà, wọ́n ru báàgì.

Mo figbe ta. "Yéè! Ọ̀nà lẹ ń là fún un!"

Okùn kan ní, "Ìyá, ẹ rọra tẹ̀ mí, mi ò tíì gbẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo yẹ̀ fún un, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì aṣọ́bodè tó ń dá àrùn dúró ní abíyá; ọ́fíìsì náà léfòó lórí ẹ̀jẹ̀.

"Sà, ẹ dá wọn dúró!"

"Ẹni tó gba irú ọ̀nà dáadáa báyìí wá," ó ní, "àlejò gidi ni."

Ló bá di ewúrẹ́, ó ń jẹ ẹnubodè.

"Ẹ rọra, sà, ìṣó wà lára rẹ̀."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó ní. Ọmọ kókó àkọ́kọ́ fò ó kọjá.

Mo ta jí. Okùn tí èmi fúnra mi ta sára ògiri láti sá aṣọ Ìbídùn, èèrà ti tò lé e lórí, wọ́n ń bọ́ sínú agolo ṣúgà.

"Ìbídùn, wọ bàtà rẹ. Ó yá, ọsibítù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gúsí tí mo ń bó yìí ńkọ́?"

"Kó rà!"

Mo gbé bàtà rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbé igbá sílẹ̀.