Fáìlì Ilé Lokongoma

1.
…ìgbà kejì nìyẹn tí orúkọ Àdìjátù Lìádì pòórá nínú fáìlì àwọn tí yóò gba ilé ìjọba ní Lokongoma. Opó ni Àdìjátù, òun ló ń tún ọ́fíìsì ṣe. Òun àti ọmọ mẹ́rin ń sùn sí yàrá kan ní Kpata.

Mojísọ́lá Oyèníyì tún orúkọ náà kọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

2.
Oṣù Kọkànlá, 1991. Ìpínlẹ̀ Kogi ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà kan, ojú ẹ̀rọ mẹ́rin lára rẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ń kọ ohun tó wù ú. Ta ló mọ̀ ọ́n lò dáadáa? Mojísọ́lá ọmọ Bùnú, tí wọ́n ní kó máa tẹ lẹ́tà.

3.
ÌKÉDE (lára ògiri)
Mẹ́rin: kíkà (r). Méjì: kíkọ (w). Mẹ́fà: méjèèjì.
Nọ́ńbà kìíní, ẹni tó ni fáìlì. Ìkejì, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ìkẹta, àwọn yòókù.
— M. Oyèníyì

4.
$ chmod 644 ile

Àṣẹ tí Mojísọ́lá tẹ̀ nìyẹn: òun nìkan ló lè kọ nǹkan sí fáìlì ilé, àwọn tó kù á kàn máa kà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

-rw-r--r--

5.
Ọ̀GÁ BÁMIṢAYÉ: Mojí, ẹ̀rọ yìí ò jẹ́ kí n kọ nǹkan.
MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ lè kà á, sà.
Ọ̀GÁ: Ibo lo fi mí sí?
MOJÍSỌ́LÁ: Àwọn yòókù, sà.
(Ó wo ìkéde ara ògiri.)
Ọ̀GÁ: Èmi. Àwọn yòókù.
MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà, sà.
Ọ̀GÁ: Èmi ni mo kọ̀wé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi ń wá ilé. Ṣí i.
MOJÍSỌ́LÁ: Orúkọ ta la máa yọ fún un, sà?
Ọ̀GÁ: Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

6.
Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Akèrègbè ni fáìlì yìí.

7.
Láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Bámiṣayé
Aago méjì òní la ó tẹ orúkọ àwọn tó gba ilé jáde. Kí fáìlì náà wà ní ṣíṣí kó tó di aago kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Omidan Oyèníyì múra àtilọ máa ṣiṣẹ́ ní Ìdàh.

8.
ÀDÌJÁTÙ (ó ń nu ilẹ̀): Àǹtí, ṣé kí n máa di ẹrù?
MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ ní sùúrù, ìyá. N ò tíì mọ ẹni tó máa di ẹrù nínú àwa méjèèjì.

9.
$ chmod 444 ile

Ó ti ara rẹ̀ náà mọ́ta. Nọ́ńbà àṣírí kan ló lè ṣí i padà, inú orí rẹ̀ nìkan ló sì wà. Orí ọ̀hún wú.

10.
-r--r--r--
17. Lìádì, Àdìjátù

Aago kan ku ìṣẹ́jú méjì. Ìró bàtà Ọ̀gá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Mojísọ́lá máa ń dìde kí i.

Lónìí, ó jókòó.