Gíláàsì tí Ìyáàfin Adépéjú Fọ̀

Ohun tí Dókítà Akínlolú ń wá kò pọ̀. Ó ń fi ìbòrí kan tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ bo gíláàsì, kí omi lè máa yí lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá wà lórí ewé kókò, kí purotéènì inú funfun ẹyin má sì ríbi lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí láàbù rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láti fi hàn wọ́n, omi tẹ́ pẹrẹsẹ, funfun ẹyin sì lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ojú tì í. Ló bá yíjú sí Ìyáàfin Adépéjú, tó ti ń bójú tó láàbù náà láti ìgbà tí Akínlolú fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ogbó ti dé sí i, kò mọ gíláàsì fọ̀ mọ́.

"Mo fọ̀ ọ́, Dókítà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, ó ti fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sílé ní Oǹdó.

Wúrà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló wá ń fọ gíláàsì. Ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, bákan náà ló ń rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó fa aṣọ ìnujú yọ lápò, tó nu òógùn ojú, tó sì tún fi aṣọ kan náà nu gíláàsì tó ti mọ́ kó tó da ìbòrí lé e. Ó rọra bi í bóyá ìyẹn ò ní í ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìgbà náà ló yé Akínlolú. Ọ̀rá ojú òun ni ìbòrí náà ń jókòó lé, kì í ṣe gíláàsì. Bómi bá ti dé, á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á ṣí i, purotéènì á sì rí ilẹ̀ dúró sí. Kò lè wo ojú ọmọbìnrin náà.

Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ obìnrin náà, ó jẹ́wọ́. Ìyáàfin Adépéjú ní kó dìde, ó bu omi fún un.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bú mi?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, mà."

"Ṣé wọ́n wà níbí?"

Akínlolú gbé ife omi náà kalẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó sì jẹ́wọ́ pé aṣọ ìnujú òun ló ba gíláàsì jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti ní kí Wúrà fi fóònù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí Oǹdó.

Ó di ọjọ́ kẹta kí èsì tó dé: "Mo ti gbọ́."