Ìgò Tó Ń Mọ́ Gaara

Ìgò kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ mọ́ gaara. Ọ̀gá ní bóyá omi inú rẹ̀ ti gbó ni. Èmi ò gbà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fura sí ìyàwó àbúrò mi.

Ọmọ ẹja là ń sìn níbi iṣẹ́ wa. Omi aláwọ̀ ewé ló ń hó nínú àwọn ìgò ńlá tó wà ní yàrá kìíní. Ewé gidi ni, ó kàn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ní yàrá kejì, kòkòrò omi tín-ín-tìn-ín ń jẹ ewé náà. Ní yàrá kẹta, ọmọ ẹja ń jẹ kòkòrò. Bí ìgò bá mọ́, ebi dé nìyẹn. Láti yàrá kìíní là ń ṣiṣẹ́ lọ sí ìkẹta, a kì í padà. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó wa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgò fífọ̀.

"Ìyàwó mi, ọṣẹ wo lo fi fọ ìgò tí ewé inú rẹ̀ fi kú?"

"Omi gbígbóná ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àbí kí n bu mu kẹ́ ẹ rí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn mọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí mo bá ti bọ́ kòkòrò tán, màá yọ́ padà sí yàrá kìíní, màá ṣí ìgò, màá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, màá gbóòórùn rẹ̀ wò bóyá ọṣẹ wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgò kejì kú, ìkẹta tẹ̀ lé e. Mo ní ọgbọ́n rẹ̀ mà jìn o!

Nígbà tí ìkẹrin kú, Ọ̀gá pè wá. Ó ní ọ̀kan nínú wa máa lọ sílé.

"Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," mo wí, mo sì wo ìyàwó wa.

Ọ̀gá kán omi ìgò náà sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí n yọjú wò ó. Àwọn kòkòrò yàrá kejì ló ń yí bírí nínú rẹ̀, ikùn wọn kún fún ewé.

"Ta ló ń ti ọ̀dọ̀ kòkòrò padà síbí?"

Ojoojúmọ́ ni ìyàwó wa ń rí mi bí mo ṣe ń padà. Ó wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."

Mo wo ọwọ́ mi. Omi ìgò ò tíì gbẹ lára rẹ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹni tó ń pa ìgò ni," mo dáhùn, mo sì ń tú okùn aṣọ iṣẹ́ mi.